Ọlidé Dé, Ọmọkùnrin Kún Ilé: Bí Ẹ Ṣe Máa Ṣe É

Ẹ̀yin ìyá tó ní ọmọkùnrin mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún nínú ilé kan ṣoṣo, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin bàbá náà ẹ jókòó kẹ́ ẹ gbọ́, torí ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an. Tí ilé ìwé bá ti ti ní Disẹ́ńbà, ó di Jánúárì kí wọ́n tó wọlé padà, ọyẹ́ á ti dé, eruku á ti gba gbogbo Ìlọrin, àwọn ọmọ á sì wà nílé látàárọ̀ dalẹ́. Ọmọkùnrin mẹ́rin lèmi bí, àkọ́bí mi ti pé ọdún mẹ́wàá, àwọn ìbejì tẹ̀lé e, wọ́n ti pé méje, Ìdòwú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ pé mẹ́rin. Ohun tí mo ti rí ni pé kì í ṣe pé ọmọkùnrin burú, kì í sì í ṣe pé wọn ò gbọ́ràn, agbára ló kún inú ara wọn, agbára yẹn sì gbọ́dọ̀ ríbi gbà jáde. Tẹ́ ẹ bá là á lọ́nà, ẹ máa gbádùn wọn. Tẹ́ ẹ bá dí i mọ́ inú pálọ̀, orí àga àti gíláàsì fèrèsé ló máa gbà jáde. Torí náà, kí ara ṣiṣẹ́ láàárọ̀, kí ikùn kún lásìkò, kí oníkálukú sì ní iṣẹ́ tó jẹ́ tiẹ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, orí nǹkan mẹ́ta yìí ló dúró lé.

Kí ilé ìwé tó ti

Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá gba káàdì dé kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni kí ìyá àti bàbá ti jókòó, kẹ́ ẹ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ owó fún ara yín, èló ló wà nílẹ̀, èló lowó ọkọ̀, èló loúnjẹ, ṣé a máa rán aṣọ tuntun àbí aṣọ Iléyá ṣì gbà wọ́n. Oúnjẹ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yanjú, torí ọmọkùnrin tó wà nílé tó ń sá kiri, kò sígbà tí ebi kì í pa á. Gàrí, ẹ̀wà, èlùbọ́, àgbàdo ògì, ẹ̀pà, epo, ẹ rà wọ́n sílẹ̀ kó tó di pé ọ̀sẹ̀ Kérésì dé tí gbogbo nǹkan á gbówó lórí. Ọjà Ìpàtà lèmi ti ń ra ata àti ẹran. Tí ẹnì kan bá ń ti Ọ̀fà bọ̀, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó bá yín ra ànàmọ́, wọ́n mọ ìlú yẹn mọ́ ọn, ó ń mú ọmọ yó, bẹ́ ẹ sè é bẹ́ ẹ dín in, wọ́n á jẹ ẹ́ tán. Ọsàn náà pọ̀ lásìkò yìí, ẹ ra èyí tó pọ̀ kẹ́ ẹ sì gbé e síbi tí ọwọ́ wọn á ti tó o, ọmọ tó bá ń mu ọsàn kò ní máa yọ yín lẹ́nu bísíkíìtì.

Lẹ́yìn náà ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ wo ibi tí ọwọ́ èyí tó kéré jù lè dé. Kárósìn tó wà nínú ike mínírà, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ lónìí, ẹ má wulẹ̀ fi nǹkan tó ń pani sínú ike tí ọmọ mọ̀ mọ́ nǹkan mímu láyé yín. Jik, oògùn eku, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru màmá àgbà, òkè pátápátá ni kí gbogbo wọn wà. Tí kànga bá wà nínú ọgbà, ìdérí tó wúwo, kó sì ní kọ́kọ́rọ́, torí ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn gbogbo àdúgbò ló ń wá pọnmi, ẹni tó pọn kẹ́yìn sì lè gbàgbé láti dé e.

Ohun tó kẹ́yìn nínú ìmúrasílẹ̀ ni ìjókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ fúnra wọn. Ẹ pè wọ́n jọ lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá gba ọlidé, kẹ́ ẹ sọ bí ọjọ́ á ṣe máa lọ, ìgbà wo la máa lọ ìlú bàbá yín, ìgbà wo lẹ máa lọ kéwú, ìgbà wo lẹ máa gbá bọ́ọ̀lù. Kẹ́ ẹ wá bi ẹnì kọ̀ọ̀kan pé kí ni nǹkan kan tó fẹ́ ṣe nínú ọlidé yìí. Ẹ kọ ọ́ sí pépà, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ọmọ tó mọ̀ pé ọjọ́ Tọ́sìdé la máa lọ wo kìnnìún ò ní máa béèrè lójoojúmọ́, ó kàn máa lọ wo ògiri ni.

Oníkálukú pẹ̀lú iṣẹ́ ẹ̀

Ibí yìí lọ̀rọ̀ wà o. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé bá mi gbé yẹn wá, lọ ra máágì wá, gba fóònù yìí fún dádì ẹ, ìránṣẹ́ la ń rán wọn, ìránṣẹ́ yàtọ̀ sí iṣẹ́. Ìránṣẹ́ máa ń dá eré dúró láàárín, ó máa ń bí ọmọ nínú, ẹni tó sún mọ́ yín jù lẹ sì máa máa rán ní gbogbo ìgbà. Iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ fún wọn, kó jẹ́ odindi, kó sì jẹ́ ti ọmọ yẹn títí ọlidé fi máa parí. Nílé wa àkọ́bí ló ni omi, kí dúrọ́ọ̀mù kún kó tó di ìrọ̀lẹ́, bó ṣe máa ṣe é, ọwọ́ ẹ̀ ló wà, tó bá fẹ́ kó bẹ àwọn àbúrò ẹ̀ kí wọ́n ràn án lọ́wọ́, kó bẹ̀ wọ́n. Táyé ló ń gbá ọgbà. Kẹ́hìndé ló ni adìẹ, oúnjẹ wọn láàárọ̀, omi wọn, kíkó wọn wọlé lálẹ́, ẹyin tí wọ́n bá sì yé, òun ló ń kà á fún mi. Ìdòwú ló ń to bàtà gbogbo ilé sí ẹnu ọ̀nà, kò sí ọjọ́ kan tí kò to ti bàbá ẹ̀ síwájú.

Ẹ má pààrọ̀ iṣẹ́ yẹn lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kó mọ́ wọn lára. Ẹ sì jọ̀ọ́, tí ọmọ bá gbálẹ̀ tí kò mọ́ tó, ẹ má gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tún un gbá lójú ẹ̀, ẹ pè é, ẹ fi ibi tó kù hàn án, kó padà lọ gbá a. Tó bá wá ṣe é dáadáa, ẹ kì í. Oríkì ni mò ń wí o, kì í ṣe owó. Àwọn ìyá wa ní Ìlọrin àti nílẹ̀ Ìgbómìnà mọ èyí dáadáa, wọ́n á kì ọmọ láàárọ̀ kùtùkùtù bó bá ṣe ń dọ̀bálẹ̀ kí wọn, Àjàní, Àkànní, Àlàó, wọ́n á kì í kan ìlú bàbá ẹ̀, orí ọmọ á wú, ìgbálẹ̀ á fúyẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Èmi ò mọ ohun tó dé tá a fi ń jẹ́ kí èyí bọ́ lọ́wọ́ wa. Tẹ́ ẹ ò bá mọ oríkì ilé ọkọ yín, ẹ bi ìyá ọkọ yín nígbà tẹ́ ẹ bá délé, inú wọn á dùn dé inú eegun, kẹ́ ẹ sì fi fóònù gbà á sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kì í.

Ilé ìdáná náà, ẹ mú wọn wọ̀ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin lè ṣa ẹ̀wà, ọmọ ọdún méje lè fọ abọ́, ó lè bó ẹyin sísè, ó lè yọ ọwọ́ ẹ̀fọ́, ọmọ ọdún mẹ́wàá lè se iṣu kó sì din ẹyin tí àgbà bá dúró tì í. Gáàsì nìkan ni mi ò fi ṣeré, àgbà ló ń tàn án, àgbà ló ń pa á, tó bá sì jẹ́ igi tàbí èédú lẹ fi ń dáná, ẹni tó bá kéré sí ọdún mẹ́wàá ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ìkòkò tó ń hó. Àwọn màmá àgbà kan lè sọ pé ọmọkùnrin, kí ló wá dé ìdí ààrò. Ẹ kúnlẹ̀ kẹ́ ẹ dá wọn lóhùn dáadáa, ẹ ní, "Màmá, ẹ bá mi dá sí i, iyàwó tó bá máa fẹ́ ni mò ń bá tọ́ ọ." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á tán.

Àárọ̀ nínú ọyẹ́

Ọyẹ́ máa ń jẹ́ kí ọmọ fẹ́ sùn pẹ́ kó sì jí pẹ̀lú ìbínú. Àwa, asubà ló ń jí wa, lẹ́yìn ìrun wọ́n á ṣe iṣẹ́ wọn, wọ́n á wá mu ẹ̀kọ gbígbóná pẹ̀lú àkàrà tàbí ọ̀lẹ̀lẹ̀ tó kù lánàá. Lẹ́yìn ìyẹn, ìta. Mo tún un sọ, ìta. Láti bí aago mẹ́jọ títí oòrùn á fi mú, ẹ jẹ́ kí wọ́n sáré, kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù, kí wọ́n yí táyà, kí wọ́n ta òkòtò. Ọmọ tó ti sáré fún wákàtí méjì láàárọ̀ á jókòó fúnra ẹ̀ lọ́sàn-án, á kàwé díẹ̀, á sùn. Èyí tó bá jẹ́ pé tẹlifíṣọ̀n lẹ fi jí i, títí ilẹ̀ á fi ṣú ló máa máa fi ẹsẹ̀ gbá ògiri. Tí ilé kéwú yín bá ń ṣí nínú ọlidé, bí ọ̀pọ̀ ilé kéwú wa ṣe ń ṣe, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ, ó ń tún ọjọ́ tò, ẹ kàn bi àfáà wọn wákàtí tí wọ́n máa lò kẹ́ ẹ lè mọ bẹ́ ẹ ṣe máa ṣètò bọ́ọ̀lù.

Tí wọ́n bá fẹ́ wẹ̀, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n pẹ́ nínú ẹ̀, torí ó ń fa epo ara kúrò. Bí wọ́n bá ṣe ń jáde, kí ara tó gbẹ tán, ẹ fi òrí pa wọ́n, ètè, gìgísẹ̀, orúnkún. Òrí ò wọ́n ní Kwara, ohun tí àwọn ìyá ìyá wa lò nìyẹn, ó sì dáa ju ìpara olóòórùn dídùn lọ fún awọ tó ti ń là. Kí wọ́n máa mu omi, òùngbẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbẹ ọmọ nínú ọyẹ́, ara ń gbẹ ṣùgbọ́n kò ní béèrè. Tí ọmọ bá wà nílé yín tó jẹ́ SS, ìyẹn àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń fa ìrora eegun, ti omi àti ti aṣọ òtútù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà o, òtútù àti àìmomi máa ń gbé ìrora yẹn dìde, sẹ́tà àti ìbọ̀sẹ̀ látàárọ̀, oògùn ẹ̀ lásìkò, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kó fi omi tútù ṣeré.

Imú á ṣẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó wọ́pọ̀ nínú ọyẹ́. Ẹ má ní kó gbé orí sókè, ẹ̀jẹ̀ á máa ṣàn lọ sọ́nà ọ̀fun. Ẹ jẹ́ kó jókòó, kó tẹ orí síwájú díẹ̀, kó máa fi ẹnu mí, kẹ́ ẹ fi ìka méjì fún ibi tó rọ̀ nímú ẹ̀ pọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìtú u wò. Tí ò bá dá lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá méjì, ẹ gba ọsibítù lọ.

Ìjà

Ọmọkùnrin mẹ́rin ò lè wà pọ̀ kí wọ́n má jà. Mi ò ní kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀, mi ò sì ní kẹ́ ẹ máa fi pàṣán lé e kiri. Wọ́n ní ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ẹ ò wa rí i pé àwọn baba wa gan-an mọ̀ pé ọkùnrin fẹ́ gbá ara mú, wọ́n wá fún un ní ọjọ́, wọ́n fún un ní ojúde, wọ́n fún un ní òfin. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nílé. Lórí iyanrìn tàbí ẹní nípọn, ní ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó wẹ̀, ẹni tí ẹ̀yìn ẹ̀ bá kanlẹ̀ ti ṣubú, ó tán. Kò sí ẹ̀ṣẹ́, kò sí jíjẹ, kò sí fífún lọ́rùn, bí ẹnì kan bá ti ní "ó tó", ọwọ́ á kúrò. Àgbà gbọ́dọ̀ dúró níbẹ̀, bàbá ló sì yẹ kó jẹ́. Lẹ́yìn ẹ̀ kí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Ìjà inú pálọ̀ á dín kù gan-an, torí tí wọ́n bá ti ń gbá ara wọn mú lọ́sàn-án ẹ lè sọ pé, ẹ tọ́jú ẹ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Ti ìjà gidi, èyí tó ní ẹkún àti ìbínú nínú, ẹ yà wọ́n, ẹ jẹ́ kí inú wọn rọ̀ ná, kẹ́ ẹ wá gbọ́ ẹnu ẹnì kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ kí èkejì já lu ọ̀rọ̀. Ohun kan wà tí a máa ń ṣe tí kò dáa, ìyẹn ni "ìwọ ni ẹ̀gbọ́n, fi sílẹ̀ fún un." Lẹ́ẹ̀kan kò burú. Tó bá jẹ́ ojoojúmọ́, ẹ̀gbọ́n á kórìíra àbúrò, àbúrò á sì ti mọ̀ pé ẹkún lòun máa fi gba nǹkan. Ẹni tó jẹ̀bi ni kẹ́ ẹ bá wí, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn ìbejì, àwọn èèyàn á máa fi ọ̀kan wé èkejì lójú wọn, èyí yára, èyí lọ́ra, èyí pupa, èyí dúdú. Ẹ máa fi ọ̀wọ̀ dá àlejò lẹ́kun ẹ̀, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, a kì í fi wọ́n wé ara wọn."

Ohun tó tún máa ń rọ ìjà ni kí ọmọ kan ní yín fún ara ẹ̀ nìkan fún ìgbà díẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan dání lọ sọ́jà lónìí, ẹ mú òmíràn lọ́la. Ọmọ tó ń ṣe oríkunkun nílé láàárín àwọn tó kù, lójú ọ̀nà Ìpàtà pẹ̀lú báàgì kékeré lọ́wọ́ ẹ̀, á máa sọ gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ fún yín, ẹni tó ń fìyà jẹ ẹ́ ní sùkúù, ohun tó ń bà á lẹ́rù lóru. Mi ò lè fi owó díwọ̀n ìrìn yẹn.

Fóònù àti kátúùnù, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀: ìrọ̀lẹ́ nìkan, wákàtí kan, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, kí àgbà sì wà nínú pálọ̀ kó lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń wò. Tí wọ́n bá mú iná lọ, a máa pàlọ́. Bẹ́ ẹ ò bá rántí àlọ́ Ìjàpá kankan mọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àlọ́ àpamọ̀, wọ́n á gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu yín.

Bángà, iná àti omi

Bángà, èyí tí wọ́n ń ṣáná sí tó ń dún gbàmù lásìkò ọdún, ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún jù lọ lọ́dún yìí. Wọ́n máa ń tà á fọ́mọdé ní ìta gbangba, ó sì ti já ìka ọmọ, ó ti fọ́ ojú ọmọ. Ẹ má rà á, ẹ sì sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín kí wọ́n má fi ṣe ẹ̀bùn ọdún fún wọn. Nínú ọyẹ́ gbogbo koríko ti gbẹ, ìṣáná kan ló kù kí iná gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé.

Bí iná tàbí omi gbígbóná bá jó ọmọ, omi tútù tó ń ṣàn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi sí i, fún ogún ìṣẹ́jú gbáko, tí omi ẹ̀rọ ò bá sí, ẹ máa fi kọ́ọ̀pù bù ú dà sí i láìdúró. Ẹ bọ́ aṣọ tó wà níbẹ̀ àyàfi tó bá ti lẹ̀ mọ́ awọ. Kò sí ẹyin, kò sí ọṣẹ ìfọyín, kò sí epo pupa, kò sí yìnyín. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, tó bá jẹ́ ojú, ọwọ́, ẹsẹ̀, abẹ́, tàbí tó tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà lọ, ọsibítù lẹ́sẹ̀ kan náà. Bí ọmọ bá mu kárósìn, ẹ má mú un bì, ẹ má fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì, ẹ gbé e àti ike yẹn lọ ọsibítù kíákíá, torí tó bá bì í ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró.

Ti odò, ẹ sọ fún wọn kedere pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dá lọ sétí odò Asà tàbí ibi tí wọ́n ti gbẹ́ yanrìn. Omi á ti fà lásìkò yìí, á dà bí ẹni pé kò jìn, ṣùgbọ́n kòtò wà nísàlẹ̀ tí ojú ò rí.

Oúnjẹ ọdún máa ń yí ọmọ nínú, ráìsì ibí, ẹran ọ̀hún, mínírà méjì. Tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ ra O-R-S ní kẹ́mísì pẹ̀lú síǹkì, síǹkì yẹn ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá ni wọ́n ń lò ó, ẹ má dá a dúró torí pé ìgbẹ́ ti dá. Tí O-R-S ò bá sí nítòsí, lítà kan omi tó mọ́, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà tẹ́ ẹ fi ọwọ́ rẹ́ orí ẹ̀ dọ́gba, àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀. Ẹ má ṣe àfikún iyọ̀. Kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀, kó sì máa jẹun.

Ibi tẹ́ ẹ lè kó wọn lọ

Ẹ má kó wọn lọ síbi tí wọ́n á ti máa sọ pé má fọwọ́ kàn án ní gbogbo ìgbà. Sùù Yunifásítì Ìlọrin dáa fún àwọn kékeré, ẹ lọ láàárọ̀ kí oòrùn tó le, kẹ́ ẹ gbé oúnjẹ dání. Tí Kwara United bá ń gbá bọ́ọ̀lù nílé, ẹ jẹ́ kí bàbá wọn kó wọn lọ sí sítédíọ̀mù ní òpópónà Táíwò, kó sì sọ ìtàn Rashidi Yekini fún wọn níbẹ̀, pé òun tí ìdílé ẹ̀ wá láti Ìrà, níhìn-ín ní Kwara wa, ló gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ ní Wọ́ọ̀dù Kọ́ọ̀pù, ní 1994, tí wọ́n bá Bulgaria gbá. Ìtàn yẹn nìkan máa mú wọn gbá bọ́ọ̀lù di ọdún tuntun.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ sọ́nà gúúsù Kwara, ẹ yà sí Ẹ̀síẹ́. Músíọ̀mù Ẹ̀síẹ́ ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà, 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀, àwọn ère òkúta tó wà níbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún, ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé, ẹranko. Kẹ́ ẹ má baà wọlé tán kí wọ́n máa sá kiri, ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nǹkan tó máa wá: ìwọ, wá ẹni tó mú ohun ìjà dání, ìwọ, ka oríṣi irun tó o rí, ìwọ, wá ẹni tó ń lu nǹkan. Àwọn tèmi ò fẹ́ jáde níbẹ̀ mọ́. Omi Òwú tó ń já wálẹ̀ láti orí àpáta ní Ọwá-Kájọlà, ẹwà ẹ̀ kọjá sísọ, ṣùgbọ́n àpáta yẹn ń yọ̀, ẹni tó ní ọmọ ọdún mẹ́rin, kó dúró kí wọ́n dàgbà sí i.

Ibikíbi tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ wọ aṣọ aláwọ̀ kan náà tó ń tàn fún gbogbo wọn, kẹ́ ẹ lè rí wọn láàárín èrò, kẹ́ ẹ fi báírò kọ nọ́ńbà fóònù yín sí apá èyí tó kéré jù, kẹ́ ẹ sì pín wọn ní méjì-méjì, àgbà kan pẹ̀lú kékeré kan. Ẹni tó bá sọnù, kó dúró síbi tó wà, kò gbọ́dọ̀ wá wa kiri.

Ìlú bàbá wọn

Òmù-Àràn ni ọkọ mi ti wá, torí náà ọ̀nà Gánmọ, Ìdọ̀fìàn, Àjàsẹ́-Ìpo, Òrò la máa ń gbà. Ẹ rìn lójúmọ́. Ẹ pe àwọn ará ilé kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ bi wọ́n bí ọ̀nà ṣe rí, kẹ́ ẹ rí i pé ẹ délé kó tó di alẹ́. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni gbogbo ọmọ ń jókòó, kò sí ẹni tó ń jókòó lórí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni níwájú, kò sì sí ọmọ nínú búùtù. Èyí tí ọkọ̀ máa ń pa, ẹ má fún un ní nǹkan olóròóró kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ̀kọ fúyẹ́ ti tó, kí náílọ́ọ̀nù sì wà lápò yín.

Kẹ́ ẹ tó wọ àgbàlá ẹ rán wọn létí ìkíni. Ìdọ̀bálẹ̀ ni o, kì í ṣe kí wọ́n tẹ orí ba bí ẹni ń kí tíṣà. Kí wọ́n mọ ẹni tó jẹ́ bàbá àgbà, bàbá kékeré, bùròdá, kí wọ́n má pe orúkọ ẹnikẹ́ni tó jù wọ́n lọ. Mùsùlùmí la jẹ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ń lọ sọ́ọ̀ṣì, ráìsì Kérésì wọn ni gbogbo wa ń jẹ, ẹran Iléyá wa sì ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Báyìí náà ni ọ̀pọ̀ ilé ní Kwara, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ rí i kí wọ́n sì ràn wọ́n lọ́wọ́ láti gbé abọ́.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ṣì ń tọ̀ sílé, ẹ má jẹ́ kí èyí dá ìrìn àjò dúró, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́ láàárín àwọn mọ̀lẹ́bí. Ọmọ ọdún márùn-ún, mẹ́fà tó ń tọ̀ sílé pọ̀, kò mọ̀ ọ́n ṣe, oorun ló ń gbé e lọ. Ẹ gbé náílọ́ọ̀nù nípọn àti aṣọ ìtẹ́ẹ̀dì tiyín dání, kó tọ̀ kó tó sùn, kẹ́ ẹ jẹ́ kó sùn sọ́dọ̀ yín, tílẹ̀ bá mọ́ kẹ́ ẹ tètè kó o fọ̀ láìsọ ohun kan. Kí bàbá ẹ̀ má nà án torí ẹ̀ láé, ìbẹ̀rù máa ń mú un pọ̀ sí i ni.

Owó ọdún ńkọ́? Àwọn bàbá àti àǹtí á fún wọn. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ ọmọ pé ẹ bá a tọ́jú kó wá di pé ẹ fi ra epo ọkọ̀. Kóló la fi ń ṣe é, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀, ìdá kan wọ kóló, ìdá kan sàráà tàbí ìdáwó sọ́ọ̀ṣì, ìyókù kó fi ra ohun tó wù ú, ì báà jẹ́ ohun tí ẹ̀yin ò fẹ́ràn. Àkọ́bí mi kọ tiẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé, àwọn ìbejì ń wò ó kọ.

Ẹ̀yin bàbá

Ọlidé ọmọ, kì í ṣe ìyá nìkan ló yẹ kó máa gbé e. Obìnrin tó ń dáná fún ọkùnrin márùn-ún látàárọ̀ dalẹ́, kó ní ọ̀sán kan lọ́sẹ̀ tó máa sùn tàbí tó máa lọ dirun tàbí tó máa lọ kí ìyá ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má pè é lórí fóònù pé níbo ni síbí wà. Ọ̀sán yẹn, bàbá ló ni gbogbo wọn. Kó kó wọn lọ gé irun, kó kó wọn lọ sí mẹkáníìkì, kó kọ́ wọn bí a ṣe ń yọ táyà. Ọmọkùnrin fẹ́ wà níbi tí bàbá ẹ̀ wà, kódà tí bàbá ò bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa wọlé

Láti bí ọjọ́ márùn-ún kí sùkúù tó ṣí, ẹ máa tètè kó wọn sùn díẹ̀díẹ̀, ìdajì wákàtí sí i lálẹ́ kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì máa jí wọn ní àsìkò sùkúù. Ẹ wọ yúnífọ́ọ̀mù fún wọn wò, ṣòkòtò ọmọkùnrin máa ń kúrú láàárín Disẹ́ńbà sí Jánúárì, ẹ tú etí ẹ̀ sílẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ gbé ti ẹ̀gbọ́n wá fún àbúrò. Ẹ wo ìdí sáńdàlì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ báàgì wọn fúnra wọn, kí wọ́n yọ ìwé tó ti ya, kí wọ́n wá pẹ́ńsù tó kù nílé jọ sínú agolo kan kẹ́ ẹ tó lọ ra òmíràn. Iṣẹ́ ilé tí tíṣà fún wọn, kó ti parí kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó bẹ̀rẹ̀, ojú ewé kan lójoojúmọ́ látìgbà tí ọlidé ti bẹ̀rẹ̀ kì í ni ọmọ kankan lára. Lálẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè, kí àkọ́bí pọn omi sùkúù sílẹ̀, kí Ìdòwú sì to bàtà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ẹnu ọ̀nà.